Òjìji àti Ibòji Nínú Èdè Ìkọ́ni

Nígbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ìbéèrè ńlá ni pé: ǹjẹ́ èdè Yorùbá lè ru ẹrù ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà? Ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti òjìji jẹ́ ibi tí a ti lè yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè náà níhìn-ín. Yorùbá ya òjìji sọ́tọ̀ kúrò lára ibòji. Òjìji ni àwòrán dúdú tí ó hàn nígbà tí ohun kan bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ibòji ni ibi tútù tí a ń sá sí lábẹ́ igi. Síbẹ̀ ohun kan náà ni ó bí méjèèjì: tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn, kì í yà kọjá lẹ́yìn ohun tí ó dí i.

Ìtumọ̀ olówuuru ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Bí ó bá ní "òjìji ṣubú sára ògiri," ọmọ yóò rò pé ohun kan ni ó jábọ́ lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n "ara rẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ sì hàn lára ògiri" sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà tòun ti ìdí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ àyálò pàápàá léwu. Ní Lọ́ńdọ́nù, ìhà àríwá ni òjìji ọ̀sán gangan ń nà sí jálẹ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní oṣù kejìlá, òjìji ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀ ń nà sí àríwá; ní oṣù kẹfà, gúúsù ni; nínú oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, òòrùn a kan àtàrí, òjìji ọ̀pá a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ọmọ tí ó bá há ti Lọ́ńdọ́nù sórí yóò gba ìwé gbọ́, yóò sì sẹ́ ojú ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá bi olùdánwò léèrè ipò Yorùbá nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó má wulẹ̀ ka iye ọ̀rọ̀ àyálò. Kí ó wo gbólóhùn olùkọ́: ǹjẹ́ ó la ojú ọmọ sí ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀, àbí ó bò ó mọ́lẹ̀?