Ohùn Duprez Lọ, Iṣẹ́ Rẹ̀ Kù

Nínú gbogbo ohùn tí a fi ń kọ ópẹ́rà, tẹ́nọ̀ ni mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn hàn lára rẹ̀ jù lọ. Ọkùnrin tó ń kọ báàsì máa ń kọ èyí tó pọ̀ nínú orin rẹ̀ níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ wà. Tẹ́nọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní afárá kan tó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, níbi tí ohùn ti fẹ́ já sí méjì, ohùn àyà nísàlẹ̀, ohùn orí lókè, kí olùgbọ́ má sì mọ̀ pé afárá wà níbẹ̀ rárá. Tí ó bá dé C òkè, tán-án-ná inú gògóńgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pàdé kí ó sì máa yà ní iye ìgbà tó lé ní 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. A kì í bí èyí mọ́ni. A ń kọ́ ọ ni, bí a ṣe ń kọ́lé, láti ìpìlẹ̀. Nítorí náà, tẹ́nọ̀ tó bá fi orí ìtàgé sílẹ̀ tó di olùkọ́ ohùn ní ìmọ̀ kan lọ́wọ́ tí kò wọ́pọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ náà kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń torí rẹ̀ wá. Ohùn òkè tó sọ ọ̀gá di olókìkí ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí kò ṣeé gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Gilbert Duprez ni ẹlẹ́rìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Wọ́n bí i ní Paris ní 1806, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Alexandre Choron, ó sì bọ́ sí orí ìtàgé ní ilé eré Odéon ní 1825. Ohùn rẹ̀ nígbà náà kéré, ó sì fúyẹ́, àwọn ará Paris kò kà á sí. Ó kọjá sí Ítálì, ó ń kọrin láti ìlú dé ìlú, ohùn náà sì ń kún díẹ̀díẹ̀, ó ń jinlẹ̀. Ní 1831, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Guillaume Tell ti Rossini ní Ítálì, ní ìlú Lucca, òun ni ó kọ ipa Arnold, ó sì fi ohùn àyà gbé C òkè náà. Ṣáájú rẹ̀, ohùn orí tó rọ̀ ni àwọn tẹ́nọ̀ fi ń kan ibẹ̀ fẹ́rẹ́. Ní 1835, ní Naples, òun ni Edgardo àkọ́kọ́ nínú Lucia di Lammermoor ti Donizetti. Nígbà tó padà sí Paris ní 1837 tó sì kọ Arnold yìí kan náà ní ilé Ópẹ́rà, ìlú gbọn. Rossini tó ni orin kò fẹ́ràn ohùn náà, ṣùgbọ́n àwọn èrò ti gbọ́ ọ, wọn kò sì gbà kí tẹ́nọ̀ mìíràn máa fún wọn ní èyí tó kéré sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọdún tó wà láàárín: láti Odéon dé Lucca, ọdún mẹ́fà gbáko. Nínú ìwé ìrántí tó tẹ̀ jáde ní 1880, Duprez fúnra rẹ̀ jẹ́ kó yé wa pé gbogbo agbára ara àti ti ọkàn òun ni ohùn náà gbà. Ní 1840, àwọn dókítà méjì ní Lyon, Diday àti Pétrequin, kọ̀wé lórí irú orin kíkọ tuntun yìí, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé gògóńgò a máa wà nísàlẹ̀ bí ohùn tilẹ̀ ń gòkè. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí mọ̀ pé gbogbo ara ló ń fẹ́ kí gògóńgò náà tẹ̀lé ohùn lọ sókè. Dídá a dúró láìfún un pa ni iṣẹ́ náà.

Adolphe Nourrit ni kì í jẹ́ kí n lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni Arnold àkọ́kọ́ ní Paris ní 1829, òun náà ni wọ́n fún ní ipa tẹ́nọ̀ nínú àwọn ópẹ́rà La Juive ní 1835 àti Les Huguenots ní 1836. Manuel García bàbá ló kọ́ ọ, tẹ́nọ̀ tí Rossini kọ ipa Almaviva fún ní 1816. Nígbà tí ilé Ópẹ́rà mú Duprez wọlé, Nourrit fi Paris sílẹ̀, ó lọ bá Donizetti ní Naples láti kọ́ ohùn tuntun náà. Ohùn orí rẹ̀ tó dùn bí oyin sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń wá kò sì dé bó ṣe fẹ́. Ní oṣù kẹta 1839, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 37. Àìsàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìrẹ̀wẹ̀sì tó wúwo sì wà níbẹ̀, n kò ní di gbogbo ẹrù náà lé orin lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí mi: ó ń wá àbájáde iṣẹ́ ẹlòmíràn láìní ọdún tí iṣẹ́ náà gbà. Ẹnìkan lè sọ pé àfarawé kúkú ni àwọn baba wa fi ń kọ́ ọmọ ní ìjálá, pé ọmọ-iṣẹ́ a gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá, a sì sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀, a máa tẹ̀lé ọ̀gá láti òde dé òde fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí ọ̀gá sì wà nítòsí láti dá a padà bó bá ṣì í. Ohùn Nourrit ti gbó nínú ọ̀nà kan, ó fẹ́ fi nǹkan bí ọdún kan sọ ọ́ di òmíràn.

Àtakò tó le jù ni èyí tí wọ́n máa ń gbé ko Duprez lójú. Ohùn rẹ̀ kò tọ́jọ́. Kí àwọn ọdún 1840 tó parí ó ti ń ṣá, nígbà tí 1851 sì máa fi tán, iṣẹ́ orí ìtàgé rẹ̀ ti parí, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ẹni ọdún 45 lọ. Ta ni yóò gbé ọ̀fun ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó lo ti ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwa a máa sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òwe náà nìkan tó fún ìdáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ló jìn tí kò mọ ibi tí òun ti fẹsẹ̀ kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí. Ó kọ́ni ní Conservatoire ti Paris láti 1842 sí 1850, lẹ́yìn náà ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà láyé di 1896. Nínú àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àwọn tí orúkọ wọn kù sí etí ayé jù jẹ́ obìnrin olóhùn tínrín, súpránò. Marie Miolan-Carvalho, ẹni tí ó jẹ́ Marguerite àkọ́kọ́ nínú Faust ti Gounod ní 1859, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tirẹ̀, Caroline Duprez, náà ni. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè lo C ohùn àyà ti ọkùnrin fún ohunkóhun. Bí ohùn yẹn bá ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, òfo ni wọn ìbá bá lọ. Èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ L'Art du chant ni wọ́n gbà: bí a ṣe ń na gbólóhùn orin gígùn lórí èémí kan, bí ohùn ṣe ń sáré láìgé ara rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde gedegbe lẹ́nu ẹni tó ń kọrin. Ẹni tó ti ná gbogbo ohùn rẹ̀ tán mọ iye tí ìkọ̀ọ̀kan nǹkan wọ̀nyí ń ná ni, ó sì lè sọ fún ọmọ ẹlòmíràn ibi tí yóò ti dúró.

Ẹnìkan yóò sì tún bi mí pé ti Manuel García ọmọ ńkọ́? Kì í ṣe tẹ́nọ̀, báritóònù ni, orí ìtàgé kò gbà á pẹ́, síbẹ̀ kò sí olùkọ́ ohùn tó lókìkí tó o ní gbogbo ọ̀rúndún yẹn. Mo gbà. Ó mú kí n dín ohun tí mo sọ nípa tẹ́nọ̀ kù: kì í ṣe àwọn nìkan ni ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohùn García ọmọ bàjẹ́ ní kékeré, ohun tí tẹ́nọ̀ fi dandan kọ́ ni òun fi àdánù kọ́. Nígbà tí Jenny Lind tọ̀ ọ́ wá ní Paris ní 1841 pẹ̀lú ohùn tí iṣẹ́ ti fọ́, ìsinmi ni ohun àkọ́kọ́ tó ní kó ṣe, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn kan gbà pé díńgí kékeré tó fi rí tán-án-ná ara rẹ̀ ní 1854 ni ó sọ ọ́ di ọ̀gá. Ìṣírò ọdún kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti tún ohùn Lind ṣe, ó sì ti parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí orin kíkọ ní 1847, kó tó di pé díńgí náà dé. Ohun tí etí rẹ̀ ti ń sọ fún un tipẹ́ ni díńgí wá fi han ojú rẹ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tẹ́nọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa náà. Ohùn òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń sáré bá, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń gbé àgbọ̀n sókè, inú ìjọ sì ń dùn. Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n padà sísàlẹ̀ afárá, kí wọ́n máa kọ gbólóhùn kan náà lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, wọn yóò sì rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn. Kí wọ́n wo akẹ́kọ̀ọ́ Duprez mìíràn: Emma Albani, súpránò ọmọ Kánádà, lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Paris ní 1868, kó tó kọjá sọ́dọ̀ olùkọ́ ohùn Lamperti ní Milan. Nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sí orí ìtàgé ópẹ́rà, ní Messina ní 1870, ipa Amina nínú La sonnambula ni ó kọ, ọmọbìnrin tó ń rìn lójú oorun, tí orin rẹ̀ ń fẹ́ èémí gígùn àti ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.