Títọ́ Àgbàlagbà Dàgbà Nínú Ìjọ Àgùdà ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Abẹ́ Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde ni Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí omi ní Ogun Waterside wà nínú ìjọ Àgùdà. Ọdún 1969 ni wọ́n dá dáyósíìsì náà sílẹ̀. Póòpù Paul Kẹfà fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀, Anthony Saliu Sanusi, lórí ní Kampala, orílẹ̀-èdè Uganda, lóṣù Kẹjọ ọdún náà. Orúkọ mùsùlùmí ni Saliu àti Sanusi, bíṣọ́ọ̀bù kò sì pa wọ́n tì. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní rí ìyẹn bí ohun àrà, nítorí ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ lemọ́mù níbẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ máa kọrin nínú kúáyà, kí àwọn méjèèjì sì jọ jẹun lọ́jọ́ Iléyá. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà ti máa ń dìde lọ́jọ́ kan, tí á lọ bá Fàdá tàbí katikíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, pé òun fẹ́ di Àgùdà. Bí ìjọ ṣe ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń tọ́ ọ, ni àròkọ yìí dá lé.

Ètò mímúra àgbàlagbà sílẹ̀ fún ìsàmì ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ìjọ. Nígbà tí ó di pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe ìsàmì fún jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó di ohun tí a gbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá sí Áfíríkà ló tún rí ìwúlò rẹ̀. Kádínà Lavigerie, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní Fàdá Funfun, pàṣẹ pé kí àgbàlagbà fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀ kí ó tó gba ìsàmì. Ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican sọ ní ọdún 1963 pé kí a dá ètò náà padà káàkiri àgbáyé. Ìwé ìlànà rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 1972.

Èkó ni Yorùbá ti kọ́kọ́ rí i bí ìjọ lásán, láìsí àlùfáà, ṣe lè tọ́ ènìyàn. Kí Fàdá kankan tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1868, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil jọ. Kì í ṣe àlùfáà rárá, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣáájú wọn nínú àdúrà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ kò ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu fún míṣọ́nnárì títí di ẹ̀yìn ogun Ìmagbọn ní 1892.

Bí ènìyàn bá wo ètò náà láti òde, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni yóò rí. Èkínní ni ìbéèrè àti ìdáhùn, nígbà tí àlejò ń wádìí, tí àwọn ará ìjọ náà sì ń wo ohun tó gbé e wá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbà á ní gbangba. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn ni Fàdá ti máa ń pàdé rẹ̀, tí yóò bi í ní ohun tó ń fẹ́, tí yóò sì ya àmì àgbélébùú sí i níwájú orí. Wọ́n lè ya á sí etí, ojú, ètè, àyà àti èjìká rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó lè máa gbọ́, kí ó máa rí, kí ó máa sọ, kí ó sì máa ru ẹrù gẹ́gẹ́ bí Kristẹni. Láti ọjọ́ náà ni ìjọ ti ka akẹ́kọ̀ọ́ ìsàmì mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ó bá kú kí ọjọ́ ìsàmì tó pé, ìjọ á sin ín bí ó ti ń sin ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí katikíìsì máa tètè sọ èyí fún àwọn ẹbí, nítorí kò sí ohun tí Ìjẹ̀bú fi ọwọ́ pàtàkì mú tó ìsìnkú.

Ìgbésẹ̀ kejì, tí gbígbà ní gbangba yìí ṣí sílẹ̀, ló gùn jù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ páríṣì ló ń rò pé kíláàsì katikísímù lẹ́yìn Míísà ni gbogbo rẹ̀: kí ènìyàn há Bàbá Wa, Mo Kí Ọ Màríà, Òfin Mẹ́wàá àti Sákrámẹ́ńtì méje sórí, kí ó sì yege nígbà tí Fàdá bá dán an wò. Àkàsórí wúlò, èmi kò tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìpàdé Vatican kan náà kọ lórí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní 1965 sọ ọ́ gbangba pé ìkọ́ṣẹ́ ni. Lójú tèmi, kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí wọ́n mú lọ bá aránṣọ. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni ọmọ náà ń dúró sí. Ó ń gé òwú, ó ń lọ aṣọ, ó ń wo ọwọ́, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àgbàlagbà ń kọ́ láìsí ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń gbọ́ kíkà àti ìwàásù pẹ̀lú gbogbo ìjọ; lẹ́yìn ìwàásù, àyè wà fún Fàdá láti rọra dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lọ ronú lórí Ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìpàdé sóònù, ìyẹn ti àwọn ará ìjọ tó wà ládùúgbò kan, wà ní ilé ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á dá owó. Ọjọ́ Sátidé ni gbígbá ilé ìjọsìn, níbi tí ìyá kan á ti fi hàn án bí a ṣe ń fọ aṣọ pẹpẹ lọ́tọ̀ sí aṣọ mìíràn, tí á sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí òkú bá ṣe ará ìjọ, òun náà á jókòó níbi àìsùn, á gbọ́ Rosárì léraléra títí ẹnu rẹ̀ fi mọ́ ọn. Lójú tèmi, ẹni tó ti bá ìjọ ṣe àìsùn òkú mélòó kan ti mọ ohun tí Àgùdà gbà gbọ́ nípa ikú àti àjíǹde ju bí ojú ìwé katikísímù ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú gbogbo èyí ni onígbọ̀wọ́. Òun ló ń jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, tí ó ń bá a lọ síbi tí ojú ti ń tì í láti dá lọ, tí ó sì ń dáhùn àwọn ìbéèrè tí kò ṣeé bi Fàdá. Ó dunni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀sẹ̀ ìsàmì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a, bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

Bí ìlú ṣe rí ni iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí igi gẹdú, kòkó àti obì ti sọ di ọlọ́rọ̀, ọ̀ràn ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ dé: kí ni kí ẹni tuntun ṣe nígbà ọdún Agẹmọ tàbí nígbà ètùtù lẹ́yìn òkú bàbá rẹ̀? Katikíìsì tó gbọ́n á yà á sọ́tọ̀ fún un: ó lè dá owó òkú, ó lè se oúnjẹ, ó lè bá ẹbí jókòó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá wọn bọ ohunkóhun. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Ifásitì Olabisi Onabanjo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Ogun State University, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀. Kàlẹ́ńdà ilé ìwé kì í bá ti ìjọ dọ́gba; ìdánwò tàbí ìyanṣẹ́lódì lè gbé ọmọ lọ sílé nígbà tó ku díẹ̀ kí Ọdún Àjíǹde, tí í ṣe àkókò ìsàmì, dé. Ìwé láti ọ̀dọ̀ Fàdá kan sí èkejì ló ń yanjú irú rẹ̀. Ní Ogun Waterside, láti Ibiade dé Abigi, títí lọ dé Ìwòpin létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé àwọn ibòmíràn. Níbi tí Fàdá kan bá ti ń bójú tó ìjọ ẹ̀ka púpọ̀, katikíìsì ló ń darí ìsìn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú tí kò bá sí Míísà. Iṣẹ́ Padre Antonio ni wọ́n ṣì ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀ràn méjì wà tí kò yẹ kí olùkọ́ fi pamọ́. Ẹni tó ti gba ìsàmì gidi nínú ìjọ Kristẹni mìíràn, pẹ̀lú omi àti ní orúkọ Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, kì í gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni a fi ń gbà á wọlé. Èkejì ni ìgbéyàwó. Ọkùnrin tí kò tíì gba ìsàmì, tí ó ti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ọ̀kan ni yóò mú lẹ́yìn ìsàmì. Ìyàwó àkọ́kọ́ ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ òfin ìjọ ti 1983 fún un láyè láti mú òmíràn nínú wọn bí ó bá nira fún un láti wà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Òfin kan náà ní kí a rí i dájú pé àwọn ìyàwó yòókù kò jìyà. Ibi tí àwọn kan ti ń padà lẹ́yìn nìyí, ó sì sàn kí wọ́n gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju lẹ́yìn ọdún méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kìíní Àwẹ̀ ogójì ọjọ́, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù tàbí aṣojú rẹ̀ bá yan àwọn tó yẹ fún ìsàmì. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, wọ́n ń gbàdúrà ìwẹ̀nùmọ́ lé wọn lórí, pẹ̀lú ìtàn obìnrin ará Samáríà, ti afọ́jú àti ti Lásárù. Lóru Àìsùn Ọdún Àjíǹde, wọ́n á tan iná tuntun níta, wọ́n á ya omi sí mímọ́, Fàdá á sì da á sí ẹni kọ̀ọ̀kan lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ funfun àti àbẹ́là tẹ̀ lé e. Fàdá kan náà á fi òróró Kirísímù ṣe Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ fún un, onígbọ̀wọ́ á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e léjìká, lẹ́yìn náà ni yóò gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìjọ pẹ̀lú ń jèrè nínú ètò yìí, nítorí ìbéèrè àlejò máa ń jí onílé. Ẹni tí wọ́n gbé wọ ìjọ lọ́mọ ọwọ́ kì í sábà bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń kúnlẹ̀, àfi bí ẹni tuntun tó jókòó tì í bá bi í.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni a ń gbójú fò jù. Láti Àjíǹde dé Pẹ́ńtíkọ́sì ni ó yẹ kí àwọn ẹni tuntun ṣì máa péjọ kí a ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbà fún wọn, kí bíṣọ́ọ̀bù sì bá wọn ṣe Míísà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Láàárín àkókò yìí ni wọ́n ń yan ẹgbẹ́ tí wọ́n máa dara pọ̀ mọ́, yálà Légíọ̀n Màríà, kúáyà tàbí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Tí ẹni tuntun bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ìwà rẹ̀ sì bá ìgbàgbọ́ mu, òun náà lè dúró ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹlòmíràn.