Onílé, Àlejò àti Ọ̀rọ̀ Ìparun: Àríwísí lórí Èdè Virsh

Iṣẹ́ aláríwísí ni kí ó yẹ ọ̀rọ̀ wò ní ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde. Ó ti mọ́ wa lára láti máa yẹ ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe wò, èyí sì dára; ṣùgbọ́n èdè kan wà tí àwọn ọmọ wa ń kọ lójoojúmọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí a kì í sábà kà sí èdè rárá. Èyí ni èdè àṣẹ tí a ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti fi darí ẹ̀rọ tí ojú ẹni kò tó. Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 2005, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá MIT ti Amẹ́ríkà ṣe iLab, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè jókòó síbi kan kí ó sì máa dán ẹ̀rọ ibòmíràn wò.

Kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí à ń sọ. Kọ̀ǹpútà ńlá kan lè gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ tirẹ̀ àti ibi ìpamọ́ tirẹ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni tí ó dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irin kan tí a lè nawọ́ sí pé tirẹ̀ nìyí. Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti àná. IBM ti ń lò ó ní 1967, wọ́n sì gbé VM/370 jáde ní 1972. Nígbà tí KVM wọ inú Linux ní 2007, ó di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Virsh ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pàṣẹ fún un. Ara libvirt tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ni.

Òyìnbó pe kọ̀ǹpútà ńlá ní onílé, ó pe àwọn ti inú rẹ̀ ní àlejò. Mo yìn ín fún èyí. Kò sí Yorùbá tí a sọ ọ́ fún tí kò ní yé: àlejò kì í jẹ ju ohun tí onílé bá gbé ka iwájú rẹ̀, bí ilé bá sì wó, àlejò kò ní ibi tí yóò sùn. Ó ṣeni láàánú pé virsh kò dúró lórí ọ̀rọ̀ rere yìí. Ó jogún ọ̀rọ̀ mìíràn láti ọ̀dọ̀ Xen, ó ń pe àlejò ní “domain”, èyí tí í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń jọba lé lórí. Àlejò wo ni ó tún jẹ́ ilẹ̀ ìjọba?

Èyí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àṣẹ mẹ́ta tí a fi ń dá àlejò dúró. Bí a bá tẹ “shutdown”, ẹ̀bẹ̀ ni: a ń sọ fún un pé kí ó palẹ̀ mọ́, kí ó sì sùn, àlejò lè kọ etí ikún sí i. Bí a bá tẹ “destroy”, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé a ti pa á run. Rárá o. Iná ni a mú lọ lójijì. Ohun tí kò tíì kọ sílẹ̀ lè sọnù, ìpamọ́ rẹ̀ pàápàá lè farapa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àlejò wà, a ó tẹ “start”, yóò sì tún jí. Àṣẹ kẹta, “undefine”, tí ó dún bí ọ̀rọ̀ onígírámà lásán, ni ó ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé onílé; bí a bá sì fi “--remove-all-storage” kún un, ẹrù rẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ń ṣe ohun tí ó ṣe é tún ṣe, èyí tí ó rọ̀ sì lè gbé ohun tí kò ní padà lọ.

Bí èyí bá jẹ́ àléébù virsh nìkan, à bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí, kí ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Vagrant, tí ó jáde ní 2010, ní “destroy” tirẹ̀, òun sì ń pa àlejò run ní tòótọ́, tòun ti ìpamọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó ń béèrè kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí virsh ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju kí iná lọ, kí ni yóò dáhùn bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lè bá ìdáhùn náà lọ.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń fi Yorùbá ṣe àlàyé kò gbọdọ̀ túmọ̀ “destroy” ti virsh sí “pa run”. “Mú iná lọ” ni kí ó wí. Ọmọ Nàìjíríà wo ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìtumọ̀ ìyẹn?

Mo ní iyàn díẹ̀ lórí orúkọ “àṣẹ” fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí àgbà ń pa ní agbára nínú ẹnu ẹni tí ó pa á. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí virsh kò rí bẹ́ẹ̀. Àrokò ni ó jọ. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ nítorí pé afiránṣẹ́ àti agbàránṣẹ́ ti jọ mọ̀ pé ẹẹ́fà ni fífà. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ lọ́nà, iṣẹ́ náà ti di òmíràn. Bákan náà, “list” ń ka àwọn àlejò tí ó jí nìkan. “List --all” ni ó ń ka àwọn tí ó sùn mọ́ wọn. Ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́, àgbà lè tẹ̀ ẹ́, kò sí ìyàtọ̀.

Ó ku ti orúkọ. Òfin orúkọ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti ìlà kékeré ìsopọ̀. Ẹni tí ó bá sọ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọ̀kọ̀, “oko” ni yóò bá níbẹ̀. Orúkọ fáìlì gba àmì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn wà níbẹ̀: a lè kọ “ẹ́” gẹ́gẹ́ bí ẹ tí a fi àmì òkè lé lórí, a sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí e tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè kún. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú Linux, fáìlì méjì ni. Olùkọ́ tí ó fi kíbọ́ọ̀dù kan pa ìwé ìdánwò mọ́ lórí sáfà lè fi òmíràn pe orúkọ náà létí àmì, kí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.