Orúkọ Mẹ́rin àti Ewúrẹ́ Funfun

Abẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun ni mo jókòó sí nígbà tí Ọlámidé kú. Ọmọ inú ìwé ni o, ẹ má jáyà. Onídìrí mi ti ká rólà sí mi lórí, ó ní kí n fara balẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ni mo bá ṣí Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Kó tó padà wá, omi ti gba ojú mi. Ó béèrè pé ṣé iná yẹn gbóná jù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá mi dín in kù.

Ìwé ìfẹ́ kì í tètè pa mí lẹ́kún. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn tí a máa ń fi sáàárín ìwé ìṣirò kí tíṣà má bàa rí i. Ọmọkùnrin á rí ọmọbìnrin, ìfẹ́ á wọ̀, àìsàn tàbí jàǹbá ọkọ̀ á sì dé ní orí tó ṣáájú ìkẹyìn. Mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé òǹkọ̀wé ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí omijé mi, bẹ́ẹ̀ ni n kì í fún un. Adébáyọ̀ kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ohun tó bá mi lójijì nìyẹn.

Ọdún 2017 ni ìwé náà jáde, ó sì wà lára ìwé 6 tó kẹ́yìn nínú ìdíje ẹ̀bùn Baileys fún àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Yéjídé àti Akin pàdé nígbà tí Yéjídé wà ní yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n ń gbé Iléṣà. Ìfẹ́ wà, ilé wà, iṣẹ́ wà: Akin ń ṣiṣẹ́ báńkì, Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí tirẹ̀. Ọmọ ni kò sí. Ní 1985, àwọn àgbà ẹbí kó ara wọn jọ wá sí pálọ̀ Yéjídé, wọ́n mú ọmọbìnrin kan dání. Fúnmi lórúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tuntun ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ dá ìwé dúró, tí mo padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ní kí Yéjídé figbe ta, kó já gèlè sílẹ̀. Yéjídé wọ ilé ìdáná. Ó po ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta tó yẹ kó dà nù mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ó bu ú fún àwọn àlejò rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí wò mí. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú àwo ẹ̀wà yẹn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kò lè gbó àwọn àgbà ilé ọkọ lẹ́nu, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá a dá sí ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé, ìbínú, ìwà ọ̀dájú díẹ̀, àìlágbára obìnrin tí kò tíì bímọ láàárín àwọn tó wá gbèjà ọmọ tí kò tíì sí: gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà. Láti ìgbà náà ni mo ti wà lẹ́yìn Yéjídé, n kò sì mọ̀ pé torí kí ohun tó ń bọ̀ lè dùn mí ni wọ́n ṣe pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ewúrẹ́. Wòlíì kan lórí òkè ní kí Yéjídé mú ewúrẹ́ funfun báláú wá, tí kò ní àmì dúdú kankan lára. Ó fà á gun òkè. Ó gbé e mọ́ra, ó bá a jó, ó fún un lọ́mú. Nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́ fẹ́nì kan, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn, èmi náà sì fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí ewúrẹ́ fi máa dé orí àyà, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Mo ti wá ibi tó ti yí padà lọ́wọ́ mi tì. Láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, ẹran di ọmọ tuntun lójú Yéjídé, kò sì síbi tí èèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí pé níbí ni wọ́n ti tàn mí jẹ. Yéjídé sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú oyún tó dá a lójú, ikùn rẹ̀ ń ga, àmọ́ ẹ̀rọ dókítà kò rí ọmọ kankan níbẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé yìí o, àmọ́ ibi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ fara pamọ́ sí, orúkọ Yorùbá ni. Yéjídé: ìyá jí, ìyá dé. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ̀ pé ẹnì kan kú kí wọ́n tó sọ ọmọ náà lórúkọ, àní ìkúnlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìyá rẹ̀ bá lọ. Nílé bàbá rẹ̀, orogún ìyá kọ̀ọ̀kan a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ láti pàlọ́, òun a dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a máa tẹ́tí sí ti gbogbo wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí òun náà wá di ìyá, àlọ́ Olúrónbí tó pa fún ọmọ rẹ̀ kò bá èyí tí mo mọ̀ mu. Mo ti fẹ́ sọ pé Adébáyọ̀ ṣì í pa. Ìgbà tí mo rántí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo panu mọ́: ẹni tó já àlọ́ gbọ́ ní tààbọ̀ ló ń pa á, ó sì ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dí àwọn àlàfo.

Àkọ́bí rẹ̀ ni Ọlámidé. Ó kú ní ìkókó. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ṣẹ̀san, àwọn òbí ní ẹ̀san èyí tó lọ ti dé. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pa á. Nígbà tó kan ọmọ ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin, Rótìmí ni wọ́n pè é. Ẹ ti rí i báyìí pé orúkọ ọmọ yẹn ni orúkọ ìwé. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé ọ̀rọ̀ láàárín ọkọ àti aya ni, kò sì jẹ̀bi, torí bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní Málọmọ́, Dúrójayé àti Bánjókòó nínú ẹbí mọ irú orúkọ tó jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni, ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ń bẹ̀.

A ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ fún ìyá tí ìkókó rẹ̀ kú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì rò pé mo ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ìwé yìí, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí Yéjídé jẹ́ kí n rí agbè tó wà lódidi tí kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe.

Àìsàn tó pa Ṣẹ̀san, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá: bí ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ SS, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àbíkú ayé àtijọ́ ṣe rí. Adébáyọ̀ mọ èyí, kò sì fi ṣe ìwàásù. Ìgbàgbọ́ Mọ́ọ̀mi, ìyá Akin, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dókítà jọ ń gbé inú ilé kan náà, kò fi ìkankan ṣe yẹ̀yẹ́. Àyẹ̀wò náà ló sì tú àṣírí kan tí n kò ní sọ níhìn-ín. Ẹ lọ kà á. Ohun kan ni mo lè sọ: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àṣírí yẹn ti wà lójú wa, Yéjídé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ láìmọ̀.

Àwọn méjèèjì ló ń sọ ìtàn náà, Yéjídé lẹ́nu tirẹ̀, Akin lẹ́nu tirẹ̀. Ní apá 2008, tí Yéjídé ti ń gbé Jos, Akin ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè yanjú: ṣé “o” ló ń pè é ni àbí “ẹ”? Ní yàrá wọn ní Iléṣà, “o” ni. Lójú Mọ́ọ̀mi, “ẹ” ni, ó dá mi lójú. Ní Jos, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò fojú kanra, mo fi “o” kà á láti ojú ìwé kìíní. Ẹni tó bá fi “ẹ” kà á, ìwé mìíràn ló kà.

Mo ní ẹ̀sùn kan. Fúnmi náà jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n sì mú un wọ ilé irọ́. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó kú, ìtàn sì kọjá lára rẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń sáré kọjá ibùdókọ̀. Mo mọ̀ pé Yéjídé kò lè ṣọ̀fọ̀ orogún, Akin ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé tó mọ bí a ṣe ń dáró òkú tó báyìí, ó yẹ kí ẹnì kan sunkún Fúnmi fún ojú ìwé kan péré.

Ẹ̀dà tèmi kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Onídìrí mi yá a, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo lọ ṣe irun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti dé ibi ewúrẹ́.