Àgbà Kì Í Ṣe Ẹja Gbígbẹ: Àtúnyẹ̀wò Òwe Kan lórí Nínà Iṣan Ara

Ìfáàrà

Ní Amuro, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní Ìpínlẹ̀ Kogí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun àti ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, òwe ni àwọn àgbà fi ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni èyí tí ó sọ pé tútù là ń ká ẹja, bí ó bá gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni òwe yìí wà fún, ó sì gún régé níbẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lò ó fún ara ènìyàn, bí ẹni pé òfin sáyẹ́ǹsì ni. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti yẹ àfiwé inú òwe náà wò, kí ó sì fi ibi tí ó ti bá ìmọ̀ nípa nínà iṣan mu àti ibi tí ó ti yapa hàn. Ọ̀rọ̀ náà kọjá adùn èdè. Àgbẹ̀ ọlọ́gọ́ta ọdún tí ó bá gbà pé ẹja gbígbẹ ni òun yóò dẹ́kun nínara, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn tí kò tẹ̀ kò ṣeé fi kọ ebè.

Àfiwé inú òwe náà

Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja àrọ̀ yóò mọ rírì àwòrán yìí. Nígbà tí ẹja bá tutù ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi ìrù rẹ̀ kan ẹnu, tí wọ́n sì ń fi igi gún un kí ó má baà tú. Bí iná àti èéfín bá ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ, bí ó ṣe wà náà ni yóò máa wà. Ẹni tí ó bá fipá nà án yóò kán an ni.

Àléébù méjì ni àfiwé yìí ní tí wọ́n bá gbé e lé ara alààyè lórí. Èkíní, "tútù" àti "gbẹ" nìkan ni òwe náà mọ̀. Kò fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì. Èkejì ni ó lágbára jù: ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń ká ẹja, ẹja náà kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Kò ní ìmọ̀lára mọ́. Ìmọ̀lára yìí gan-an sì ni nínara kọ́kọ́ ń yí padà.

Èdè náà tún dá kún ìṣòro. "Iṣan" ni Yorùbá ń pe ẹran tí ó ń gbé apá àti ẹsẹ̀; "iṣan" náà ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà àti okùn tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Olùkọ́ tí kò bá ya iṣan ẹran, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára sọ́tọ̀ kò lè ṣàlàyé nínara, nítorí iṣẹ́ àjọṣe iṣan ẹran àti iṣan ìmọ̀lára ni.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 1924, Liddell àti Sherrington fi hàn pé bí iṣan ẹran bá nà, iṣan ìmọ̀lára a máa mú kí ó sún kì padà. Ní ọdún 2010, Weppler àti Magnusson gbé ìwádìí oríṣiríṣi yẹ̀ wò. Wọ́n sọ pé nínà tí ènìyàn fi ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 ṣe kì í sábà mú iṣan gùn sí i. Ìfaradà ẹni náà ni ó ń pọ̀ sí i, tí ó fi lè gba fífà tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ó tó ní ìrora.

Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí ń mú ara le. Òwe náà kò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, Feland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sí 97. Ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6, ni wọ́n fi na iṣan ẹ̀yìn itan wọn. Oríkèé wọn ṣí sí i, àwọn tí ó dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60 sì jèrè jù. Ẹja gbígbẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìyìn nínara pọ̀ jù. Ìwádìí Pope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọmọ ogun 1,538 ní Australia, tí ó jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé nínara ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò dín ìfarapa kù ní ọ̀nà tí ó hàn gbangba. Àgbéyẹ̀wò Behm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2016 sì fi hàn pé dídá iṣan kan dúró ní nínà fún ìṣẹ́jú àáyá 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń dín agbára kù ní bí ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá tó 60, àdínkù náà kò ju bí ìdá 1.1 lọ. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sá eré ìje, sísá díẹ̀díẹ̀ àti jíju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn ni ó yẹ ẹ́. Kí ó fi nínà tí ó pẹ́ sí ìgbà mìíràn.

Ìkádìí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ju òwe ẹja nù. Kí ó dúró sí ìdí ọmọ títọ́, níbi tí ó ti wúlò. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìlera ara, kí olùkọ́ má ṣe fi tẹ ọmọ tútù mọ́lẹ̀ bí ẹja, kí ó má sì fi sé ọ̀nà mọ́ àgbà. Òwe mìíràn wà nílẹ̀ tí ó bá ìmọ̀ yìí mu jù: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àgbà tí ó bá ń na ẹ̀yìn itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, láìfipá, láìjẹ́ kí ó dun òun, lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, yóò rí i pé ọgbà náà ń gba imú. Ìyẹn ni ó yẹ kí olùkọ́ mú lọ sí Amuro.