Rírà Ni, Kì í Ṣe Títọrọ: Àyẹ̀wò Ìtàkùrọ̀sọ Kafé nínú Ẹ̀kọ́ Yorùbá-Nàgó

Ìtàkùrọ̀sọ kan wà tí kì í wọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà ní èdè àjèjì: àlejò wọ ilé kafé, ó béèrè ohun mímu, wọ́n gbé e fún un, ó dúpẹ́, ó sanwó. Irú ẹ̀kọ́ yìí wọ́pọ̀ ní Ọsirélíà, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn àtìpó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1948. Ilé kafé kún Melbourne àti Sydney. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ra kafé níbẹ̀ yóò dà bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí ní ìlú tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ohun mímu nìkan. Ọ̀rọ̀ iyì ẹni ni.

Ó rọrùn fún ẹni tó ń kọ ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí láti mú irú ìtàkùrọ̀sọ bẹ́ẹ̀, kí ó tú u láti inú Faransé, kí ó fi Bassila tàbí Manigri rọ́pò orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, kí ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló wà nínú àwòṣe náà, wọn kò sì dọ́gba. Ètò rẹ̀ yẹ ní mímú. Gbólóhùn rẹ̀ kò ṣeé mú.

Bassila àti Manigri wà lójú ọ̀nà tó gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou, ní agbègbè Donga, èyí tí wọ́n yọ kúrò lára Atacora ní ọdún 1999. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀. Aníì ni èdè àwọn onílẹ̀ Bassila. Kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ó sì ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ní ọ̀nà tí Yorùbá kò gbà. Nàgó ni wọ́n ń sọ ní Manigri, ẹ̀ka-èdè tí àwọn onímọ̀ máa ń so mọ́ ti Kambolé ní ilẹ̀ Togo. Èdè Kotokolí àti ti Fúlàní náà ń dún lágbègbè yìí. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ Nàgó nìkan ni yóò lo ẹ̀kọ́ ìsọ̀rọ̀ Nàgó níbẹ̀. Ará Bassila tó ń ná ọjà Manigri nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń ta kafé lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò gba ilé ńlá. Tábìlì, bẹ́ǹṣì, agolo Nescafé, wàrà inú agolo, ṣúgà, búrẹ́dì àti omi gbígbóná ti tó láti fi dá a sílẹ̀. Kafé ni wọ́n ń pe ohun tí Yorùbá Nàìjíríà ń pè ní kọfí, nítorí pé ẹnu Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Awakọ̀, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ara wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì lẹ́nu ẹnìkan níbẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́.

Kí ni ẹ̀kọ́ kafé ti Ọsirélíà ṣe dáadáa? Ó kọ́ni ní gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró de àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ó mọ ìkíni kúkúrú tí wọ́n máa ń kí i, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kí i kò retí ìròyìn nípa àìsàn rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn ohun mímu, irú bíi flat white, tí wàrà wà nínú rẹ̀, àti long black, tí kò ní wàrà. Ó mọ̀ pé wọn yóò bi í bóyá yóò mu ún níbẹ̀ tàbí yóò gbé e lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gírámà nìkan mọ̀.

Ní ti gbólóhùn, ẹ̀kọ́ náà ń tẹ̀ lé ìṣe Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó fẹ́ nǹkan kì í pàṣẹ tààrà, ìbéèrè ni yóò fi béèrè rẹ̀, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan parí rẹ̀. Ní ọdún 1978, Penelope Brown àti Stephen Levinson gbé àbá kan kalẹ̀ tó ṣàlàyé irú ìṣe báyìí: gbogbo ènìyàn ni kì í fẹ́ kí wọ́n dí òun lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tó ń béèrè nǹkan máa ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po kí ó má bàa dà bí ẹni tó ń fi ipá múni. Wọ́n pe àbá náà ní ti gbogbo ayé. Anna Wierzbicka, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ta kò ó ní ọdún 1985. Ó fi hàn pé ní èdè Pólándì, ènìyàn lè fi gbólóhùn àṣẹ béèrè nǹkan láìrí ẹnikẹ́ni fín, àti pé ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì kà sí ọ̀wọ̀ lè dún bí ohun mìíràn létí ará Pólándì. Ní ọdún 1992, Onuigbo Nwoye sọ ohun tó jọ ọ́ nípa èdè Ìgbò: ní àwùjọ tí ènìyàn ti gbà pé ojúṣe òun ni láti ran ẹnìkejì lọ́wọ́, bíbéèrè nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdínilọ́wọ́.

Èdè Nàgó wà ní ìhà tí Wierzbicka àti Nwoye ń tọ́ka sí. Ẹ̀rí rẹ̀ yóò hàn kedere bí ènìyàn bá mú gbólóhùn Faransé mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé, tí ó sì tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. *Commander* ni Faransé ń lò fún olórí ogun tó ń pàṣẹ àti fún ẹni tó ní kí wọ́n gbé kafé wá. Bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ pé *ó pàṣẹ kafé*, ó ti sọ oníbàárà di ọ̀gágun. Bí ó bá sá fún èyí, tí ó kọ *ó tọrọ kafé*, ó tún ti sọ ọ́ di alágbe. Yorùbá ya *tọrọ*, *béèrè* àti *rà* sọ́tọ̀. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kì í tọrọ; ó wá rà ni. Olùtajà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì retí pé kí wọ́n wólẹ̀ fún òun nítorí ohun tí òun ń tà.

Èkejì ni *je voudrais*. Ìṣe ọ̀rọ̀-ìṣe náà jẹ́ ti ohun tó sinmi lórí àmọ́, ó sì ń mú ọ̀rọ̀ rọ̀ ní Faransé. Bí ó bá di *ì bá wù mí kí n mu kafé*, ìtumọ̀ ti yí padà. *Ì bá* ń fi hàn pé ọ̀nà kò sí. Olùtajà yóò máa retí ohun tó dí i lọ́wọ́: bóyá dókítà ni kò jẹ́ kí ó mu ún, bóyá owó ni kò sí, bóyá ààwẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni *pouvez-vous*. *Ṣé ẹ lè fún mi ní kafé?* kò ní àṣìṣe gírámà kankan. Ṣùgbọ́n agbára tàbí ìyọ̀ǹda olùtajà ni ó ń béèrè. Omi ń hó, agolo wà lórí tábìlì. Kí ló dé tí kò fi ní lè ṣe é? Èrò tó kù fún un ni pé àwìn ni oníbàárà yìí ń wá. *Ṣé ẹ ní kafé?* yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé bóyá ọjà wà tàbí kò sí ni ó ń béèrè.

Ẹ̀kẹrin ni *s'il vous plaît*, tí gbogbo ènìyàn ń tú sí *ẹ jọ̀ọ́*. *Ẹ jọ̀ọ́* jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dára, ó sì ní ààyè tirẹ̀: ẹni tó ń bẹ olùtajà pé kí ó bá òun wá ṣẹ́ńjì, ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè tó sì fẹ́ kí wọ́n tètè dá òun lóhùn, ẹni tí yóò san owó lọ́la. Níbi ojú rere ni ó wà. Bí ẹ̀kọ́ bá so ó mọ́ gbogbo gbólóhùn oníbàárà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ná an tán kí ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ tó dé.

Níbo wá ni ọ̀wọ̀ wà? Ó wà ṣáájú gbólóhùn náà àti ní àyíká rẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ yìí, tí wọ́n fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ, lè fi í hàn:

— Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.
— Oo, ẹ kú àárọ̀. Ṣé dáadáa ni ẹ jí?
— A dúpẹ́. Ará ilé ńkọ́?
— Wọ́n wà. Ẹ jókòó.
— Ẹ wá jẹun o. (Ẹni tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì ló sọ èyí.)
— Á gba ibi ire. Bàbá, ẹ bá mi po kafé kan. Kí ṣúgà má pọ̀ o.
— Ẹ ó jẹ búrẹ́dì?
— Ẹ gé ìdajì sí i.

Gbólóhùn àṣẹ ni *ẹ bá mi po kafé kan* àti *ẹ gé ìdajì sí i*, kò sì sí àrífín nínú wọn. Ìkíni ti ṣáájú. Orúkọ ìbátan, *Bàbá*, ti fi olùtajà sí ipò rẹ̀. Bí obìnrin bá ni, yóò jẹ́ *Ìyá*, bí ó bá sì ju oníbàárà lọ díẹ̀, *Ẹ̀gbọ́n*. *Bá mi* sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ènìyàn méjì jọ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń na owó sí àgbà. Ìdáhùn sí ìpè oúnjẹ náà tún wà, èyí tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ Ọsirélíà rárá, nítorí pé níbẹ̀, ẹni tó ń mu kafé kì í pe àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun láìdá ìpè rẹ̀ lóhùn ti ṣàṣìṣe tí ẹgbẹ̀rún *ẹ jọ̀ọ́* kò lè tún ṣe.

Olùkọ́ ní Manigri kò gbọdọ̀ da ìtàkùrọ̀sọ òkè yìí kọ bí ó ṣe wà. Arọ́pò-orúkọ *ẹ* tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń lò fún àgbà kan ṣoṣo kò rí bákan náà ní gbogbo ẹ̀ka-èdè. Ní Oǹdó, fún àpẹẹrẹ, ọmọ lè fi arọ́pò-orúkọ ẹnìkan bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó rí i fín. Nítorí náà, ẹnu àwọn ará Manigri ni kí ó ti gba ìkíni, arọ́pò-orúkọ àti orúkọ ìbátan tí yóò kọ sílẹ̀. Yóò sì kọ ẹ̀dà méjì ó kéré tán: èyí tí oníbàárà jẹ́ ọmọdé sí olùtajà, àti èyí tí ó jẹ́ àgbà sí i. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ń kọ́ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ló bá gbogbo ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Nàgó.

Àwọn kan yóò ní èdè ń yí padà. Wọn yóò ní ọ̀dọ́ tó ti ilé ìwé Faransé wá ń fi *ẹ jọ̀ọ́* bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ èdè láti dá wọn lẹ́kun. Òtítọ́ ni. Ìwé ẹ̀kọ́ lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, bí ó bá sọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ohun tí kò yẹ ni kí ìwé fi ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ilé ìwé ṣe òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, kí ó wá dà bí ẹni pé ìyàwó àgbẹ̀ tó ń sọ pé *ẹ bá mi bù ú* kò mọ ìwà hù.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Láti ìgbà ọ̀rọ̀-ètò ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1972, tí ìjọba ti kéde pé kí wọ́n gbé àwọn èdè orílẹ̀-èdè ga, ìlérí tí iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń ṣe fún àgbàlagbà ni pé èdè tirẹ̀ ni yóò bá nínú ìwé. Obìnrin tó ti ń tajà láti ogún ọdún mọ bí wọ́n ṣe ń rajà ju ẹni tó kọ ìwé lọ. Bí ó bá ṣí ojú ìwé kẹta, tí ó rí oníbàárà tó ń tọrọ ohun tó fẹ́ fowó rà, kò ní rò pé òun kò mọ èdè òun. Yóò rò pé ìwé náà kò mọ̀ ọ́n, yóò sì jàre. Ti ará Bassila tó ń fi ìwé kan náà kọ́ Nàgó burú ju èyí lọ, nítorí pé òun kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Yóò gbé àṣìṣe náà lọ sí Manigri, wọn yóò sì ka àṣìṣe olùkọ̀wé sí i lọ́rùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní òwúrọ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olùtajà, kí ó kọ ohun tí ènìyàn ń sọ, ẹni tó sọ ọ́, àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Kí ó kà á padà fún àwọn tó sọ ọ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Kí ó wá fi ètò ẹ̀kọ́ Ọsirélíà tò ó: dídé, ìkíni, ohun tí wọ́n ń rà, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, owó, ìdágbére. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Iṣẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ ni láti mọ ọ̀rọ̀ tí ń yọ obì ní ìlú tí wọn yóò ti kà á.