Ampilifáyà Tí Kò Ní Tiransífọ́mà

Ọdún 1954 ni Julius Futterman, ará Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ampilifáyà onífáàfù tó yọ tiransífọ́mà kúrò lẹ́nu ọ̀nà sípíkà. Iṣẹ́ yìí wù mí dọ́kàn. Sípíkà óòmù 8 ń béèrè iná púpọ̀. Láìsí tiransífọ́mà, fáàfù kan ṣoṣo kò lè fún un tó. Ẹni tó ń ṣe é nílé a to fáàfù 6AS7 mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́jọ, kí wọ́n jọ ru ẹrù náà. Ooru wọn pọ̀! Iná inú ampilifáyà náà lè pani, nítorí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ni àgbà oníṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n, èkejì a wà nínú àpò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ alẹ́ tí a fi òjé so wáyà mọ́ wáyà, fáàfù á pọ́n wẹ̀ẹ̀, ohùn akọrin á sì jáde ní gbangba, ó mọ́ gaara.